Sàlímátù Kò Nawọ́ Síbì Kankan

Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ṣáájú, kí ẹnì kankan má bàa wá sọ lẹ́yìn pé ìfura ti pọ̀ jù lọ́rọ̀ Ìyá Rejoice. Ó pọ̀ lóòótọ́. Pẹtiróòlù ni mò ń tà fún àwọn awakọ̀ ojú omi ní Òbè-Mọgbọ́jà, láàrin Ayétòrò sí Araromi, àtìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ẹni tó bá ń ta pẹtiróòlù tó tún ń fọkàn tán èèyàn, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá omi nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Fẹ́yìsetán lorúkọ mi, Ìyá Rejoice ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá fura sí ọ, má bínú, kì í ṣe ìwọ nìkan.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Kingsley dìde ní àgọ́ etídò tó ní "ọmọ ìbílẹ̀ nìkan," ara fu mí lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tuntun. Aṣọ ìbílẹ̀ wà, oògùn ìbílẹ̀ wà, a sì mọ oúnjẹ ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò rántí pé ẹnì kan fi pe èèyàn. Bí àlejò bá béèrè pé ọmọ ta ni mí, wọn á ní ọmọ Lawrence apẹja. Bó bá béèrè Sàlímátù, wọn á ní ọmọ Sùlèímánì oníyọ̀. Ọ̀rọ̀ parí. Ìgbà tí àwọn tó ń wa epo rọ̀bì dé tí wọ́n fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ "ọmọ ìbílẹ̀" lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Lẹ́yìn náà ni ti ìrànwọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé dé, wọ́n tún pariwo rẹ̀. Èmi ti wá kíyè sí i báyìí. Kò sẹ́ni tó ń lo ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí iṣẹ́ bá wà láti ṣe. Ẹ ò lè gbọ́ láéláé kí wọ́n ní ọmọ ìbílẹ̀ nìkan ni kó wá gbọ́n omi inú ọkọ̀. Àfi bí nǹkan bá wà láti pín. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ọwọ́ ẹni tó sọ ọ́ ni mo máa ń wò, kí n mọ ohun tó fẹ́ gbé.

Ohun tó wà láti pín lọ́tẹ̀ yìí ni ilẹ̀. Òkun ti jẹ ìlú wa tán pátápátá. Ilé tí mo ti dàgbà, òkun ni. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti so èmi àti ọkọ mi pọ̀, òkun ni. Ibi tí a ń sin òkú sí ńkọ́? Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn ìdílé kan lápá Mahintedo ló ṣàánú wa, wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ kan lẹ́bàá odò, wọ́n ní ká wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ọlọ́run á bù kún wọn. Àmọ́ ilẹ̀ náà ò tóbi, kò lè gba gbogbo wa. Ni wọ́n bá yan ìgbìmọ̀ tí yóò pín in, Bàbá Jọọlá ni alága, Kingsley sì ni akọ̀wé.

Ìhòòhò ni mo mọ Kingsley yìí sí, nígbà tó ń fò sódò láti orí ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ó lọ kàwé ní Àkúrẹ́, ó wá fi bàtà aláwọ̀ kan padà wálé, bàtà tí kò fẹ́ kó kan omi. Ní ìlú wa! Àfi kó máa fò kiri lórí afárá pákó bí adìyẹ.

Kingsley ò tíì jókòó tí gbogbo ojú fi yí sí Sàlímátù. Mo rí i. Wọn ò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kì í parọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni bàbá rẹ̀, Sùlèímánì, ti wá, tó ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé iyọ̀ àti àwọ̀n wá tà fún wa. Ó wá, ó lọ, ó wá, ó lọ, nígbà tó yá kò lọ mọ́. Ó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá mi, ó fẹ́yàwó, wọ́n sì bí Sàlímátù. Ó fi díẹ̀ ṣáájú mi. A jọ dàgbà ni, a jọ wẹ̀, wọ́n jọ nà wá. Ó fẹ́ Muzammil, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tó ń dẹ àwọ̀n. Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òkun tẹ́ pẹrẹsẹ, ọkùnrin náà wọkọ̀ lọ, ọkọ̀ nìkan ló padà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún un, Khalidat, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Igbókòdá. Ọmọ yẹn ti bẹ ìyá rẹ̀ títí kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Sàlímátù ní òun ò lè máa yan ẹja nínú yàrá alájọgbé, kí àwọn ayálégbé máa bú ọmọ òun.

Ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣawá rẹ̀ kì í jóná, kì í sì í rọ̀. Àwọn oníbàárà ń wá láti Òkìtìpupa tìtorí rẹ̀. Bí òkun bá ti sún mọ́ ilé rẹ̀, á tú pákó, á yọ òpó, á sì tún un nà sẹ́yìn. Mi ò mọye ìgbà tó ti ṣe é. Nígbà tó yá kò sí ẹ̀yìn mọ́. Omi ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun ń bọ̀ níwájú, ìgbì sì ti ń lu òpó ilé rẹ̀. Bí wọn ò bá fún un ní àyè nílẹ̀ tuntun, kò ní ibì kankan láti lọ, iṣẹ́ tó mọ̀ náà sì tán nìyẹn.

Ohun tó máa ń bí mi nínú sí i ni pé kì í jà. Èmi, bí o bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, wàá mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn lo tẹ̀. Sàlímátù á ní "kò burú," á kirun rẹ̀ lórí pákó ẹ̀yìn ilé, á padà sídìí ẹja. Ta ni kì í bínú? Ẹni tí kì í bínú, kí ló ń fi pa mọ́? Bí èmi ṣe máa ń rò ó nìyẹn.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò lórí bí wọ́n ṣe máa mọ ọmọ ìbílẹ̀. Kingsley ní kí oníkálukú mú ìwé ẹ̀rí wá láti káńsù. Gbogbo àgọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ pé bí o bá ṣáà ti mọ èèyàn, wàá rí ìwé yẹn gbà, wàá sì tún gba ti àbúrò rẹ mọ́ ọn? Bàbá Jọọlá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní tiwa ni ká ṣe.

Lọ́dọ̀ wa, bí ìwọ́ ọmọ bá já, wọn á sin ín sẹ́yìn ilé, wọn á gbin àgbọn lé e lórí. Igi kan, ọmọ kan. Ọmọ náà á máa dàgbà, àgbọn rẹ̀ á máa dàgbà. Bàbá Jọọlá ní, "Ẹni tó bá lè nawọ́ sí ibi tí ìwọ́ rẹ̀ wà ní ìlú yìí, ọmọ ìbílẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá lè nawọ́, kó máa lọ síbi tí tirẹ̀ wà."

Ẹnì kan béèrè pé, "Bàbá, àgbọn wo? Èwo ló kù?"

Bàbá ní, "Igi ló lọ. Ibi tó wà ò lọ síbì kankan. A ó wọkọ̀, a ó lọ bá a."

Ẹ̀yin ará, bí a ṣe wọkọ̀ nìyẹn o. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òkun dákẹ́, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó wa jáde láti lọ wo ilé wa nínú omi. Pẹtiróòlù mi ni wọ́n fi lọ. Wọ́n gbé Ẹ̀gbọ́n Adétutù sí àárín lórí àga oníke, wọ́n ṣí agbòòrùn lé e lórí. Ìyá rẹ̀ ni agbẹ̀bí ìlú wa láyé àtijọ́, òun ló sì máa ń gbé fìtílà tẹ̀ lé ìyá náà nígbà tó wà lọ́mọdé, nítorí náà òun nìkan ló kù tó mọ ibi tí wọ́n sin ìwọ́ oníkálukú sí. Bó bá kàn ọ́, wàá nawọ́, wàá fi omi òkun kan ahọ́n, wàá búra. Bí Ẹ̀gbọ́n Adétutù bá ní "bẹ́ẹ̀ ni," o ti di ọmọ ìbílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Ọkùnrin kan ń pariwo mọ́ awakọ̀ pé, "O ti kọjá rẹ̀! Padà sẹ́yìn! Rọra, ìdáná ìyá mi lo wà yẹn!" Òmíràn nawọ́ síbi kan tí kò fìgbà kan jẹ́ ilẹ̀ rí láti ìpìlẹ̀ ayé, Ẹ̀gbọ́n Adétutù sì bi í pé, "Ìwọ, ṣé ẹja ló bí ọ ni?" Kingsley nawọ́ tirẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, ó yá a lára jù lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ìyá náà ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ó wá kàn mí. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo wo òrùlé èbúté àtijọ́ tó ṣì yọ lókè omi lọ́tùn-ún, mo wo òpó tẹlifóònù apá Araromi, mo sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ilé bàbá mi, láàrin ilé wa àti ilé Sùlèímánì. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ó ní, "Fẹ́yì, tìrẹ nìyí." Mo nawọ́. Mo fi omi kan ahọ́n. Mo búra. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n Adétutù ò dáhùn kíá. Ó kọ́kọ́ wo Sàlímátù. Sàlímátù sì gbójú sókè òkun bí ẹni ń wá ọkọ̀ tó sọnù. Ìyá náà wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Hẹn-ẹn. Mo rí i. Kí ló dé tí wọ́n fi ń wo ara wọn? Ọkàn mi sọ fún mi pé àwọn méjèèjì yìí ti jọ gbìmọ̀ nǹkan, èmi sì ni wọ́n gbìmọ̀ rẹ̀ lé lórí.

Ó kan Sàlímátù. Awakọ̀ bi í pé, "Màmá, apá ibo?"

Ó ní, "Mi ò ní nawọ́."

Kingsley rò pé kò gbọ́. Ó ní, "Ẹ nawọ́ síbi tí ìwọ́ yín wà, Màmá."

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mi ò ní nawọ́ síbì kankan."

Bàbá Jọọlá bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ ò le, ó dà bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà mi orí. Èmi ni mo pariwo mọ́ ọn pé, "Sàlí! Ṣé orí rẹ pé? Nawọ́, jàre!" Kò wò mí. Bí a ṣe padà sí èbúté nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ìgbìmọ̀ ti sọ ọ́ síta pé Sàlímátù kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀, kò ní àyè nílẹ̀ tuntun.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ẹ máa pè mí ní amí, ó tọ́ sí mi. Mo ní bóyá ó ti rí ilẹ̀ síbòmíràn. Mo ní bóyá wọ́n ti ṣèlérí nǹkan ńlá fún un, ìdí nìyẹn tó fi lè fọwọ́ lẹ́rán. Lẹ́yìn náà mo tún bi ara mi bóyá kì í ṣe ibí ni wọ́n bí i sí, pé ìyá rẹ̀ tàn wá jẹ ni. Ní ọjọ́ kan mo rí i tí Kingsley gbé bàtà rẹ̀ dání, tó ń yọ́ wọlé rẹ̀. Àní, mo yọ́ tẹ̀ lé e. Mo dúró lẹ́yìn pákó.

Kingsley ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ẹ ṣáà nawọ́ síbikíbi. Omi lásán ni. Ta ló máa mọ̀?"

Sàlímátù ní, "Ẹni tí mo bá búra fún máa mọ̀. Máa lọ, Ọlọ́run á ṣe ọ́ lóore. Mú ṣawá díẹ̀ dání fún ìyàwó rẹ."

Ojú tì mí díẹ̀ nítorí Kingsley. Díẹ̀ ni mo wí. Mo tún ń bi ara mi pé kí ló fẹ́ gbà tó fi ń ṣàánú.

Nígbà tó ṣe, Ẹ̀gbọ́n Adétutù náà wá sílé Sàlímátù. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan dání bí ẹni ń kọjá lọ. Mo gbọ́ tí ìyá àgbà náà ń sọ pé, "Jẹ́ kí n sọ ọ́, Sàlímátù, jẹ́ kí n sọ ọ́," ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí òjìji mi ni ọ̀rọ̀ dúró. Wọ́n kí mi. Wọ́n béèrè Rejoice àti àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní oòrùn mú. Ẹni tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀ oòrùn nígbà tí òkun ń jẹ òpó ilé rẹ̀, ó ní nǹkan tó ń fi pa mọ́ fún mi.

Òkun tún ru lọ́sẹ̀ yẹn. Ìgbì kan wọ ilé ẹja Sàlímátù lọ́sàn-án gangan, ó kó iná, ó kó ẹja, ó kó agbọ̀n. Gbogbo wa sáré lọ. A rí díẹ̀ fà yọ. Ó dúró nínú omi tó mu ún dé orúnkún, ó di pákó kan mú. Mo sọ fún un pé, "Sàlí, lọ bá wọn, lọ nawọ́, mo bẹ̀ ọ́." Ó ní, "Fẹ́yì, fi mí sílẹ̀." Bó ṣe wí i, ó dùn mí ju bí ẹni bú mi lọ.

Ibẹ̀ ni mo gbà kọjá sí ilé Ẹ̀gbọ́n Adétutù, aṣọ mi ṣì ń ro omi. Mi ò kí i. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa sọ fún mi lónìí. Kí lẹ̀yin àti Sàlímátù ń fi pa mọ́ fún mi?"

Ó ní, "Ọmọ mi, jókòó."

Mo ní mi ò jókòó.

Ó ní, "Ó dáa. Wọn ò bí ọ síbí."

Mo jókòó.

Ó ní ìyá mi ló gbé mi dé láti ìhà Wàrí, lọ́mọ ọwọ́, nínú ọkọ̀ Lawrence. Ìwọ́ mi ti já kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Lawrence kọ́ ló bí mi. Ó fẹ́ràn ìyá mi ni, ó sì fẹ́ràn mi mọ́ ọn. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní àwọn gba ìyàwó, àwọn ò gba ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ ò sí nílẹ̀ àwọn. Wọ́n ní kí ìyá mi lọ dá mi padà fún àwọn tó ni mí, kó tó wọlé ọkọ. Ìyá mi ò lẹ́ni tó máa dá mi padà fún. Ó ń sunkún lẹ́yìn ilé. Sùlèímánì ló gbọ́ ẹkún náà láti ilé kejì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìwọ́ Sàlímátù ni, àgbọn tó gbìn lé e lórí kò tíì ga ju ọmọdé lọ. Ó pe Lawrence. Ó ní kó fi igi yẹn hàn wọ́n, kó ní ìwọ́ tèmi ló wà nídìí rẹ̀.

"Ìyá mi búra fún wọn pé níkọ̀kọ̀ ni Lawrence ti gbé ìyá rẹ wá bí ọ síbí, pé ọwọ́ òun lòun fi gbẹ̀bí rẹ," ni Ẹ̀gbọ́n Adétutù wí. "Èmi ni mo gbé fìtílà. Mo gbọ́ tí Lawrence ń bi Sùlèímánì pé tirẹ̀ ńkọ́, ọmọ tirẹ̀ ńkọ́. Sùlèímánì ní, 'Tèmi ní bàbá tó lè sọ̀rọ̀ fún un. Èyí ò tíì ní ẹnì kankan.'"

"Sàlímátù mọ̀?"

"Àtìgbà tó ti gbọ́n. Bàbá rẹ̀ ló sọ fún un, ó sì mú un búra pé kò ní sọ ọ́ lójú rẹ láéláé."

Ẹ̀yin ará, inú bí mi. Inú bí mi sí òkú, inú bí mi sí alààyè. Wọ́n mọ̀, wọ́n ń wò mí! Mo ń ṣakọ kiri ìlú, mo ń pariwo ọmọ Lawrence, wọ́n sì ń wò mí. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí Sàlímátù bá gun àgbọn yẹn, mo máa ń dúró sídìí rẹ̀, màá máa ké pé, "Sọ̀ kalẹ̀! Sọ̀ kalẹ̀ lórí igi mi!" Á sì sọ̀ kalẹ̀. Kò já mi níyàn rí. Èmi ti rò pé ẹ̀rù mi ló ń bà á. Mo sunkún nílé Ẹ̀gbọ́n Adétutù débi pé obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́.

Ó ní kí n má sọ ọ́. Ó ní mo ti búra, Sàlímátù ti gbà, kí n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ilé tèmi náà kò ní pẹ́ lọ. Àwọn ọmọ mi wà ní Èkó, wọ́n ní tiwọn lọ́rùn. Bí mo bá dákẹ́, mo ní àyè nílẹ̀ gidi. Mo kàn máa mọ̀ ni, èmi nìkan, pé orí ìwọ́ ẹlòmíràn ni mo kọ́lé sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀, àgọ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Kí Bàbá Jọọlá tó gbàdúrà tán ni mo ti dìde.

Mo ní, "Igi tí mo nawọ́ sí yẹn, ti Sàlímátù ni. Wọ́n fi yá mi ni. Èmi kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀."

Kingsley ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ara yín ò yá."

"Ara mi yá. Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n Adétutù."

Ìgbà yẹn ni Sàlímátù pariwo. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Fẹ́yì! Ta ló bi ọ́? Ta ló ní kí o sọ ọ́?" Ó ti dìde, ó ń nàka sí mi, ó ń sunkún. Inú rẹ̀ ru gan-an. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín nínú ẹkún tèmi, pé ó kúkú mọ bí a ṣe ń bínú.

Bàbá Jọọlá bi Ẹ̀gbọ́n Adétutù pé ṣé òótọ́ ni. Ìyá náà sọ orí kọ́. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Òfin tí wọ́n ṣe fún Sàlímátù náà ló ká èmi mọ́. Wọ́n fún un láyè, wọ́n sì yọ tèmi. Kò sí ẹni tínú rẹ̀ dùn. Bàbá Jọọlá ò lè wo ojú mi, ó ń wo ọ̀pá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń wò mí. Àwọn kan ní Sàlímátù ti fún mi ní nǹkan jẹ. Àwọn kan ní èèyàn kì í dédé tú àṣírí ara rẹ̀, pé ó ní ohun tí mò ń wá. Awakọ̀ kan tó ti ń ra epo lọ́wọ́ mi tipẹ́ ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó gbóòórùn rẹ̀, kó tó gbà á. Lójú mi! Mo fẹ́ bú u, àmọ́ mo rántí pé bí èmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Pákó, òpó, ìkòkò, ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀ ń wọkọ̀ lọ sápá Mahintedo. Mo jókòó síwájú ilé mi, mò ń ka àdúrà tí mi ò mọ ìparí rẹ̀. Ọkọ̀ Sàlímátù ló kẹ́yìn. Ó kún dẹ́nu. Kàkà kó kọjá, ó yà sí èbúté mi, ó sọ̀ kalẹ̀. A ò tíì sọ̀rọ̀ síra wa láti ọjọ́ ìpàdé.

Ó ní, "Di ẹrù rẹ."

Mo ní, "Lọ síbo?"

"Ilé."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní, "Sàlí, kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Ó ní, "Fẹ́yìsetán, o ò ní gbádùn." Ó kọjá lára mi, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní mi.

Kingsley ló wà nídìí ọkọ̀, òun ni ìgbìmọ̀ fi ṣọ́ ẹrù. Ó rí i tí Sàlímátù gbé ẹní náà jáde. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọmọ ìbílẹ̀ àti ará ilé rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní kí n jẹ́ kó wọkọ̀. Wọ́n máa bi mí. Kí ni kí n ní Ìyá Rejoice jẹ́ sí yín?"

Sàlímátù gbé ẹní mi lé orí ẹrù rẹ̀, ó so ó.

Ó ní, "Sọ fún wọn pé ìbejì mi ni."

Mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́. Mo wọkọ̀.